Bàtà síkì tó tóbi kọ́ ló ń mú ẹsẹ̀ gbóná

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Saint Paul ní Minnesota la wà. Ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ní kí àwọn òbí máa bá wọn ṣe síkì cross-country, pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi rìn lórí yìnyín, lọ́jọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ ra bàtà tèmi. Nọ́ńbà 40 ti Yúróòpù ni mò ń wọ̀ nínú bàtà lásán. Ẹnì kan tó ń ta ọjà lórí fídíò ní kí n ra 42, kí ìbọ̀sẹ̀ nípọnnípọn mẹ́ta lè wọ inú rẹ̀, nítorí pé òtútù kì í fojúure wo àwa aláwọ̀ dúdú. Ó tún ní kí n bu ata gígún díẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ náà. Mo ti rí tòkunbọ̀ 42 kan ní 30 dọ́là. Ṣé kí n rà á? Àwọn ìbejì mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé mo lè ra èyí tí wọn yóò wọ̀ fún ọdún mẹ́ta fún wọn?
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ẹ má ra 42 yẹn, ẹ má sì bu ata sínú ìbọ̀sẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kọkànlá bá ti ń wọlé, ìbéèrè yìí kan náà ló ń wá: ṣé kí n fi nọ́ńbà méjì lé bàtà mi nítorí òtútù? Ẹnu ló yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó sì ń bí mi nínú, kì í ṣe sí ẹ̀yin tó ń béèrè o. Àwọn tó ń kó ìmọ̀ràn náà kiri ni mò ń bá wí, nítorí wọn kì í sí nítòsí nígbà tí ẹsẹ̀ bá kú sínú bàtà, tí ibi tí èèyàn gbé mọ́tò sí sì ṣì jìn ní kìlómítà mẹ́rin. Nítorí náà, ìdí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni màá jókòó sí jù lónìí. Ìyókù, a ó yára gbà á kọjá.

Ẹ rò pé bàtà ló ń mú ẹsẹ̀ gbóná. Òun kọ́. Kò sí iná nínú bàtà, kò sí iná nínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bu ooru láti àárín ara wá sí ẹsẹ̀, bí ẹni ń pọn omi. Iṣẹ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ kò ju kí wọ́n má jẹ́ kí ooru tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá tètè jò dànù. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó há sáàárín fọ́nrán wúùlù, tí kò rí ibi lọ, ni wọ́n fi ń dá a dúró. Ẹ wo tìmùtìmù tuntun, kí ẹ wá wo èyí tí ìdílé kan ti sùn lé fún ọdún mẹ́wàá. Òwú kan náà ló wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ti tẹ́ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ ti kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kì bọ inú bàtà kan nìyẹn. Ẹ ti kó wúùlù púpọ̀ wọlé, ẹ sì ti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ẹ óò ní, "Ṣebí ìdí tí mo fi fẹ́ ra èyí tó tóbi nìyẹn, kó má bàa fún." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí nọ́ńbà bàtà bá ń ga sókè, gígùn ló ń pọ̀ jù. Fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ní òṣùwọ̀n Yúróòpù, láti nọ́ńbà kan sí èkejì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn 6.67 mìlímítà. Èyí túmọ̀ sí pé 42 fi nǹkan bíi mìlímítà 13 gùn ju 40 lọ. Iwájú àtàǹpàkò àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló máa kó àyè yẹn. Òkè ẹsẹ̀, níbi tí okùn ti kọjá, kò ní rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fún mọ́ yín níbẹ̀, bàtà kan náà á sì ṣò níwájú.

Ẹ bọ́ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín báyìí. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjì lé òkè ẹsẹ̀, láàárín, ní ọ̀gangan ibi tí okùn bàtà máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan líle tó gùn wá láti àtàǹpàkò. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ óò gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lù kì, kì, kì lábẹ́ ìka yín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. (Àwọn kan wà tí kì í gbọ́ tiwọn, ìyẹn nìkan kì í ṣe àìsàn.) Ó wà lára àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àwọn ìka ẹsẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹran tó bò ó. Ẹ wá wò ó: bàtà tóbi, gìgísẹ̀ ń yọ sókè, ẹ̀rù ń ba ẹni tó wọ̀ ọ́ pé òun máa ṣubú. Kí ló máa ṣe? Á bẹ̀rẹ̀, á fa okùn yẹn le pinpin. Ojú ọ̀nà tí ooru ń gbà ló so pa yẹn. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ìka ẹsẹ̀ ti ń kú, òun á sì máa sọ pé, "Òtútù ọdún yìí mà le o, 43 ni màá rà lọ́dún tó ń bọ̀."

Bí bàtà tó tóbi jù ṣe ń tutù ju èyí tó bá ẹsẹ̀ mu lọ nìyẹn. Ẹni tó ra kékeré jù náà ń jìyà kan náà, nítorí ẹ̀gbẹ́ bàtà ló ń fún tirẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa kì í sábà ra kékeré. Bí a bá ti ń ra nǹkan tí owó rẹ̀ wọ́n, ojú wa máa ń wà lára èyí tó máa "pẹ́ lẹ́sẹ̀."

Òógùn ló kù. Síkì cross-country, èyí tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín ilẹ̀ títẹ́jú, yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè. Kò sí àga tó ń gbé yín gòkè. Ẹsẹ̀ àti apá yín ni ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa ń làágùn bí ẹni ń gún iyán, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì ń làágùn. Omi máa ń gbé ooru lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 24 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìbọ̀sẹ̀ kọ́tìnnì á mu òógùn yẹn, á gbé e lẹ̀ mọ́ yín lára, á sì máa fa ooru jáde títí ẹ ó fi délé. Mẹ́ta lórí ara wọn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òógùn kò rí ojú ọ̀nà jáde.

Nítorí náà, ìbọ̀sẹ̀ kan. Kó jẹ́ ti wúùlù merino tàbí àdàlù wúùlù àti náílọ́ọ̀nù, kó má nípọn jù, kó sì ga kọjá ọrùn bàtà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè léròrò lè wọ ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Kò gbọdọ̀ kọjá ìyẹn.

Ohun mìíràn tí 42 máa bà jẹ́ ni síkì fúnra rẹ̀. Gìgísẹ̀ kì í so mọ́ nǹkan kan nínú síkì yìí. Irin róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níwájú pátápátá lábẹ́ bàtà, òun ni báíńdìn máa ń há mú (báíńdìn ni ohun tí wọ́n kàn mọ́ síkì láti gbá bàtà dání). Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ kí síkì ṣe, láti ibi irin yẹn lẹ ti ń sọ fún un. Wọ́n ti ṣe bàtà náà kó máa tẹ̀ ní ọ̀gangan ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, nídìí àwọn ìka. Bó bá gùn jù, ẹsẹ̀ yín á tẹ̀ níbì kan, bàtà á tẹ̀ níbòmíràn, òkè bàtà á ká, á sì máa gé yín lórí ìka ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tún dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹ fẹ́ ya ẹsẹ̀ kí síkì lè dín eré kù, ẹsẹ̀ á yí nínú bàtà, bàtà ò ní yí. Ṣíṣubú ló kàn.

Òótọ́ kan wà nínú irọ́ oní-fídíò yẹn, mi ò ní fi pamọ́. Àkọsílẹ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà àti ti Bírítéènì fi hàn pé òtútù máa ń ṣe àwọn ọmọ ogun tó jẹ́ ìran adúláwọ̀ ní jàǹbá ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ má fi òtútù Minnesota ṣeré, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí òtútù tètè ń mú ló yẹ kó sá jù fún ohunkóhun tó lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Kò túmọ̀ sí pé síkì kì í ṣe tiwa náà: Mathilde-Amivi Petitjean ṣe síkì cross-country fún Tógò ní Òlíńpíìkì Sochi lọ́dún 2014, Samuel Ikpefan sì ṣe é fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022.

Kí ẹ sì mọ bí jàǹbá òtútù ṣe ń rí lára tiwa. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni ní kí ẹ máa wò ó bóyá awọ ti pọ́n. Lára awọ dúdú, ó lè má pọ́n rárá. Ẹ máa wo ibi tó ṣá, tó rí bí eérú ju awọ tó yí i ká lọ, tó sì le bí àbẹ́là bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín jù ni ẹsẹ̀ tó ti ń ro yín bọ̀, tí ìrora náà wá dákẹ́ lójijì láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ti móoru. Ẹ wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi yìnyín ra á, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má nà án síná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ̀, ìwọ̀n 37 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn nǹkan bíi 99 sí 102 lórí Fahrenheit. Kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ tirẹ̀ tọ́ ọ wò, nítorí ẹsẹ̀ tó ti kú kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀. Bó bá ṣeé ṣe kó tún dì kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ má tíì yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù lè ru ìrora rẹ̀ sókè. Bí àtọ̀gbẹ bá ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnì kan di èyí tí kì í mọ nǹkan lára mọ́, bàtà lè jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ra bàtà rárá. Bàtà ni mo mọ̀. Mi ò rí ẹsẹ̀ yín, ohun tí mo kọ síbí kò sì lè rọ́pò ojú ẹni tó rí i.

Ti ata: ata kì í mú ẹsẹ̀ gbóná, ó ń tan iṣan ìmọ̀lára jẹ ni. Á máa pariwo "iná, iná!" níbi tí kò sí iná, ẹ ò sì ní gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ké "òtútù" lóòótọ́. Bí òógùn bá wá pò ó, tí ibi tó léròrò sì bẹ́, ẹ óò rántí ìdí tí èèyàn kì í fi ọwọ́ tó lọ ata nu ojú. Ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù tí àwọn àgbà fi ń pa orúnkún kò yàtọ̀ síyẹn.

Ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ gbóná? Bàtà kò gbọdọ̀ sùn nínú búùtù mọ́tò. Inú ilé ni kó wà, kó gbẹ, kó sì gbóná kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ dé fìlà tó bo etí, ẹ má sì jẹ́ kí àyà tutù, nítorí bí àárín ara bá ti tutù, ara fúnra rẹ̀ ló máa fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti fi gba àyà là. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan dání. Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú díẹ̀, kí ẹ sì máa jù ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Fún ọjọ́ tí òtútù bá le gan-an, wọ́n ń ta ẹ̀wù bàtà, aṣọ tó nípọn tí wọ́n ń fà bo bàtà láti òde. Iye tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ìbọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ, torí òde ló wà, kò fún nǹkan kan mọ́ yín. Àpò kékeré tó ń gbóná fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Ó nílò afẹ́fẹ́ kó tó lè gbóná, ó sì ń gba àyè nídìí ìka. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ óò máa lò ó, ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó wà nínú bàtà nígbà tí ẹ bá ń dán an wò.

Ó ti tó, ẹ jẹ́ ká wá mú bàtà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀, nígbà tó ti wú díẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀ kí etí rẹ̀ kan ògiri. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ óò fi ṣe síkì, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ dúró dáadáa kí ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀ náà. Kí ẹlòmíràn nà bírò ró, kó fi ṣàmì síwájú ìka tó gùn jù. Nínú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ìka kejì ló ń gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n, èyí tó bá gùn ni ẹ óò fi ra bàtà. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 25 ló jẹ́: 25 yẹn náà ni nọ́ńbà yín nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Mondopoint, tí àwọn mìíràn ń kọ ní 250. Gígùn ẹsẹ̀ gan-an ni, kò sí àlùmọ̀kọ́rọ́yí nínú rẹ̀. Ó sábà máa ń bọ́ sí 39 tàbí 40 ti Yúróòpù. Ẹ má fi orí ṣírò rẹ̀ o. Ẹ wo àtẹ ilé-iṣẹ́ tó ṣe bàtà náà, nítorí 40 ti Salomon, ti Fischer àti ti Alpina kì í fi dandan bára wọn dọ́gba.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó so okùn rárá, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ìka yóò fi kan imú bàtà. Ẹ wá ki ìka ọwọ́ kan sẹ́yìn gìgísẹ̀. Bí ìka kan bá wọ̀ ọ́, ó dáa. Bí méjì bá wọ̀ ọ́ gbẹ̀fẹ́, ẹ gbé e padà. Bí ọ̀kan ò bá wọ̀ ọ́, ẹ gbé òun náà padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ kí ó jókòó sẹ́yìn bàtà, kí ẹ tó so okùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: kó rọra mú nídìí ìka, kó mú dáadáa níbi ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ dìde. Ìka kò gbọdọ̀ kan iwájú bí ẹ bá nàró. Ẹ tẹ orúnkún: ó yẹ kí ẹ ṣì lè jó àwọn ìka sókè sódò. Ẹ gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀, nígbà ogún. Bí gìgísẹ̀ bá ń fi ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ yọ nínú bàtà, ìléròrò ti ń dúró dè yín. Ẹ wo ibi tí bàtà ti ká: bó bá tẹ orí ìka yín nínú ṣọ́ọ̀bù, á gé e lóko. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ wọ̀ ọ́ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹni tó ń tajà sì máa ráhùn tó bá fẹ́.

"Á là tó bá yá," wọ́n á sọ ọ́ fún yín. Kò ní gùn sí i láéláé. Kànìnkànìn inú rẹ̀ lè tẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ike àti rọ́bà ló pọ̀ jù lára bàtà òde òní, kì í ṣe awọ màlúù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ níwájú, bó ṣe sábà máa ń rí fún àwọn tó fi ẹsẹ̀ lásán dàgbà, kò gbọdọ̀ fi gígùn wá fífẹ̀. Kó pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tàbí irú bàtà, kó má pààrọ̀ nọ́ńbà. Bó bá sì ṣẹ́ kù díẹ̀ kó mú, ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà tó nípọn díẹ̀ lè tún un ṣe. Díẹ̀ ni mo wí.

Irú èwo? Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rẹ̀, bàtà classic ni: ó kúrú, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó wà fún rírìn tààrà nínú ipa méjì tí ẹ̀rọ ti là sórí yìnyín. Ti skate, tí wọ́n fi ń ti ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń yọ̀ lórí omi dídì, ga dé ọrùn ẹsẹ̀, ó le, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Tòkunbọ̀ 30 dọ́là wá ńkọ́? Ká tiẹ̀ ní nọ́ńbà yín ni. Ẹ yí i dojú bolẹ̀. Bí ẹ bá rí irin kan ṣoṣo níwájú àti ihò gbọọrọ méjì tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti iwájú lọ sẹ́yìn, NNN nìyẹn, irú báíńdìn ti ilé-iṣẹ́ Rottefella ní Nọ́wè. Báíńdìn Prolink àti Turnamic náà á gbà á. Bí ihò gbọọrọ náà bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì fẹ̀, SNS Profil ni. Bí irin bá jẹ́ méjì, SNS Pilot. Irú àwọn báíńdìn yẹn ti ń di àtijọ́, bàtà wọn ò sì lè wọ báíńdìn NNN láéláé. Bí imú bàtà bá yọ síwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, tó ní ihò mẹ́ta lábẹ́, ti àtijọ́ pátápátá ni. Ìyàtọ̀ kan tún wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ: NNN-BC, tí wọ́n ṣe fún igbó, jọ NNN lójú, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ nípọn jù, ó sì fẹ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ mọ báíńdìn tó wà lórí síkì tí ẹ óò lò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bàtà náà bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ ẹ, kí ẹ wo ìlà tí àtẹ́lẹ̀ ti pàdé òkè. Bàtà tó ti pẹ́ nínú àjà ilé lè mọ́ roro kí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì ti kú. Àárín yìnyín ni àtẹ́lẹ̀ á ti ṣí. Ẹ fi ọwọ́ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú: ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà ti gba bátànì ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ ò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí ò fún un lápá, á ṣò ó lọ́rùn. Ẹ lè ra tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ ló dáa, bí ẹ bá lè wọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Àwọn ìbejì ló kù. Ọdún mẹ́ta kẹ̀! Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún. Bàtà ọdún mẹ́ta máa fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ju ẹsẹ̀ wọn lọ lónìí, ìyẹn ju nọ́ńbà mẹ́rin lọ ní ti Yúróòpù. Ọmọ á máa ṣubú, á máa sunkún òtútù, á sì kórìíra síkì kí oṣù kejì tó parí. Sẹ̀ǹtímítà kan níwájú ìka ti tó fún ọmọ, kó má kọjá ọ̀kan lé díẹ̀. Bí owó bá ń dùn yín, ẹ yá bàtà àti síkì fún sáà kan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ní yìnyín ń ṣe é fún àwọn ọmọdé. Ẹ tún béèrè ní ilé-ìwé bóyá wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ ohun èlò kí yìnyín tó dé. Kí ẹ sì wọn Táíwò lọ́tọ̀, kí ẹ wọn Kẹ́hìndé lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ wọn lè má dọ́gba.

Bí ẹ bá ń dán ti ọmọ wò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fẹ́ràn àwọ̀ bàtà á ní ó bá òun mu. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà jáde, ẹ fi lélẹ̀, ẹ ní kó dúró lé e lórí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí gìgísẹ̀ wà níbi tó yẹ, kí ẹ wá fi ojú ara yín wo iye àyè tó ṣẹ́ kù níwájú ìka. Orí kápẹ́ẹ̀tì ilé nìkan ni kí wọ́n ti wọ̀ ọ́ títí yóò fi dá yín lójú, torí bí àtẹ́lẹ̀ bá ti fẹnu kan kọnkéré, ṣọ́ọ̀bù ò ní gbà á padà.